Ibi Iṣẹ́ Ni Ahéré Ẹja

Nígbà tí a bá dárúkọ ibi iṣẹ́, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn púpọ̀ nínú wa ni ọ́fíìsì tí ó ní tábìlì àti fáànù, tàbí ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀rọ ti ń kùn, tí a kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó ń rántí ahéré pákó tí ó wà lórí òpó nínú omi ní Mahintẹ̀dó, níbi tí obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ti ń yan ẹja láti ọ̀sán di ìdájí. Bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ gan-an ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó ilé ìwé ọmọ, ibẹ̀ ni ẹja tí ẹ ń jẹ ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́ ti ń wá. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ kò ju ẹyọ kan lọ: níwọ̀n ìgbà tí a kò bá pe ibẹ̀ ní ibi iṣẹ́, a kò ní í lè gba ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe níbẹ̀ sílẹ̀. Òun ni a óò máa sọ fún pé kí ó kúrò, a kò ní í sọ pé kí èéfín kúrò.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ oníṣègùn, ẹnì kan sì lè bi mí pé kí ni ó kan mí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ó kàn mí nítorí pé apá kan ìyà yìí wà nínú orúkọ tí a ń pe nǹkan, iṣẹ́ tiwa sì nìyẹn. N óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibẹ̀ hàn yín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá Igbókòdá rí.

Igbókòdá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọjà ẹja ńlá sì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gba ojú omi lọ sí àwọn ìlú àti ìletò tí ó wà ní etí òkun. Ilẹ̀ Mahin ni Mahintẹ̀dó wà, ilẹ̀ tí Amapetu ń jọba lé lórí. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá, orúkọ náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Ní àwọn ìletò etí omi wọ̀nyí, ilẹ̀ líle ṣọ̀wọ́n. Orí òpó ni a ń kọ́ ilé sí, pákó ni ògiri, pákó ni a tẹ́ sílẹ̀, omi wà lábẹ́. Nítorí náà, obìnrin tí ó ń yan ẹja kò rí àyè láti lọ kọ́ ahéré rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń sùn ni ààrò wà. Bí òjò bá ń rọ̀, òjò etí òkun kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá, ṣe ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn, tí ìyá, ọmọ ẹ̀yìn, ẹja àti èéfín yóò jọ wà nínú yàrá kan náà.

Ẹ lè ní, èéṣe tí wọn kò fi kó ẹja náà sínú yìnyín? Fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá ni púpọ̀ nínú gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìní iná mànàmáná ìjọba. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ kò lè ní fíríìsà. Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ń ra epo ní owó gọbọi. Ẹja tí a pa ní òwúrọ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú ooru etí òkun. Bí a kò bá yan án lọ́jọ́ náà, òórùn rẹ̀ ni yóò jí wa ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti yá apẹja ní owó epo ẹ́ńjìnnì tàbí owó àwọ̀n ṣáájú, tí ó jẹ́ pé ẹja ni wọ́n fi ń gba owó wọn padà. Bí apẹja bá gúnlẹ̀, olówó rẹ̀ kò lè sọ pé àyà ń fún òun lónìí, kí ó gbé ẹja náà padà sínú òkun.

Èéfín ẹja yàtọ̀ sí èéfín ọbẹ̀. Ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ fẹ́ kí iná jó dáadáa kí ó lè tètè kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó ń yan ẹja kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹja bá ti jinná, ṣe ni yóò fa igi sẹ́yìn, tí yóò jẹ́ kí iná rọlẹ̀, kí ó máa rú dípò kí ó máa jó, nítorí èéfín àti ooru tí kò pọ̀ jù yẹn ni ó ń gbẹ omi ara ẹja, tí ó ń fún un ní àwọ̀ pípọ́n tí àwọn oníbàárà ń wò kí wọ́n tó dá owó lé e. Bí ẹja bá tóbi, iṣẹ́ náà lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa yí i padà, kí ó máa wo iná. Igi tí wọ́n ń dá sábà máa ń jẹ́ igi etí omi, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè nínú ẹrẹ̀, kì í sì í fi gbogbo ìgbà gbẹ tán. Igi tútù tí ó ń rú láìjó dáadáa, èéfín rẹ̀ ni ó burú jù lọ. Nínú rẹ̀ ni eruku dúdú wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí irun imú kò sì lè dá a dúró. Inú rẹ̀ ni carbon monoxide wà, afẹ́fẹ́ tí ń pa ènìyàn sójú oorun. Inú rẹ̀ náà ni àwọn èròjà tí ó dà bí ọ̀dà wà, àwọn tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri ahéré títí tí yóò fi dúdú kirikiri. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé eruku tín-ín-tìn-ìn-tín yìí kò yẹ kí ó ju 15 máíkírógíráàmù lọ láàrin ọjọ́ kan nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Àjọ kan náà ni ó sọ pé nínú ilé tí kò ní ojú afẹ́fẹ́ tó, tí a ń dá igi nínú rẹ̀, ó lè kọjá ìwọ̀n tí ó yẹ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ilé ìdáná ni wọ́n ń wí, níbi tí a ń se oúnjẹ wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ wá ro ti ahéré ẹja.

Ẹ̀dọ̀fóró wa dà bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò: ìtí kan láti ọ̀fun, ó pín sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka ń pín sí ẹ̀ka títí dé ibi tí ó tín-ín-rín bí òwú. Nínú ara ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe, ara inú àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí máa ń wú, kódà ní ọjọ́ tí ó bá rò pé ara òun yá gágá. Bí ohun tí ara rẹ̀ kò fẹ́ bá wá kàn án, ìbáà ṣe èéfín, eruku, afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tàbí lọ́fínńdà lásán, iṣan tí ó yí àwọn ẹ̀ka náà ká yóò fún wọn pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò sì dí àyè tí ó kù. Èémí wọlé, kò lè jáde tán. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fi tipátipá gba ojú ihò tóóró yẹn ni ó ń dún fée, bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé. Ohun tí àwọn baba wa gbọ́ nìyẹn tí wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ikọ́ sémìí-sémìí, èyí náà sì bá a mu. Àrùn tí ó wọ́pọ̀ ni: Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ènìyàn mílíọ̀nù 262 ni ó ń ṣe ní ọdún 2019, àti pé ó pa ènìyàn 455,000 ní ọdún náà. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 kan náà fojú bu tiwa sí nǹkan bí mílíọ̀nù 13.

Orúkọ náà dára, etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ikọ́ ni ó ṣíwájú rẹ̀, ikọ́ kan náà ni ó sì ṣíwájú ikọ́ ife, àrùn tí ó ń ràn nípa afẹ́fẹ́. Ikọ́ ife, ikọ́ fée: bí ènìyàn bá ń sáré sọ̀rọ̀, tàbí tí ó bá jẹ́ pé láti orí rédíò tí ń ha ni a ti gbọ́ ọ, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Ikọ́ fée kì í ràn. Ẹnikẹ́ni kò lè kó o nípa jíjẹ ẹja tí ẹni tí ó ní i fi ọwọ́ yan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ra ẹja, tí ó gbọ́ tí ẹlẹ́ja ń hú ikọ́, kì í dúró gba àlàyé lórí àmì ohùn. Yóò yà sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja kejì. Nítorí náà ni obìnrin tí ikọ́ fée ń ṣe yóò fi máa mú ikọ́ náà mọ́ra, tí yóò máa fi ínhélà rẹ̀ pamọ́ sínú wérù aṣọ, tí yóò yọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé kí ó tó fà á sẹ́nu, bí ẹni tí ń mu sìgá níbi tí a kò gbà á láyè. Bí ó bá sì jẹ́ pé wúńdíá ni, ẹ̀rù tún wà pé kí ará ilé ọkọ má baà gbọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà, tí wọn kò ní ìkà nínú, ń sọ ọ́ ní gbangba pé ikọ́ ìdílé wọn ni. Òótọ́ ni pé ó lè wà nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n ìdílé kọ́ ni ó dá iná sábẹ́ ẹja.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ fi ń kan ikọ́ fée. Èkíní ni pé kí àrùn náà ti wà lára tẹ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ máa ru ú sókè. Èkejì, èyí tí a kì í sábà rò, ni pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè dá a sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní i rí. Ní ọdún 1984, àwọn dókítà ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń se alákàn inú òkun ní ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n rí i pé bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti fi ikọ́ fée sí lára: oru omi tí wọ́n fi ń se alákàn ni ó ń gbé èròjà ara alákàn náà wọ inú wọn. Ọmọ ìyá alákàn ni edé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń yan edé, tí a ń gbọ̀n ọ́n, tí a ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ẹ mọ bí eruku rẹ̀ ti ń rí nínú imú. N kò sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Quebec ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Mahintẹ̀dó. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ó bá ń ṣẹlẹ̀, báwo ni a óò ṣe mọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó béèrè?

Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1700, oníṣègùn ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Bernardino Ramazzini tẹ ìwé jáde lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó kọ nípa àwọn tí ń fẹ́ ọkà àti àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì, bí eruku àti ìyẹ̀fun ti ń gba èémí lẹ́nu wọn. Ó wá gba àwọn oníṣègùn níyànjú pé kí wọ́n fi ẹyọ ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Èyí lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lónìí, bí obìnrin ẹlẹ́ja bá dé iwájú nọ́ọ̀sì, tí ó sì sọ pé ìyàwó ilé ni òun, nítorí pé kò ka ẹja yíyan sí iṣẹ́ tí a ń kọ sínú ìwé, ìyàwó ilé ni wọn yóò kọ. Wọn yóò fún un ní oògùn ikọ́, yóò sì wọ ọkọ̀ padà sídìí ààrò.

Òfin náà kò mọ̀ ọ́n. Òfin Ilé Iṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1987 sọ ọ́ pé kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ilé iṣẹ́, kí a sì mú eruku àti èéfín tí ó lè pa òṣìṣẹ́ lára kúrò. Òfin gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, pèsè owó fún ẹni tí iṣẹ́ bá sọ di aláìsàn. Ní ọdún 2010 kan náà, àjọ àgbáyé tí ó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ kọ ikọ́ fée tí ibi iṣẹ́ fà sínú ìwé àwọn àrùn iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni àwọn òfin wa wọ̀nyí ń bá wí. Owó tí ọ̀gá dá ni a fi ń ṣe gbà-máà-bínú. Ta ni ọ̀gá nínú ahéré ẹja? Obìnrin náà ni ọ̀gá, òun ni òṣìṣẹ́, ilé rẹ̀ ni ilé iṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ pe ẹjọ́, ara rẹ̀ ni yóò pè.

Ohun kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́. Àwọn ará Yúróòpù mọ̀ pé àwọn èròjà inú èéfín tí ó dà bí ọ̀dà yẹn lè fa jẹjẹrẹ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, òfin wọn kò gbà kí ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ benzo(a)pyrene ju máíkírógíráàmù méjì lọ nínú kílò ẹja yíyan kan. Bí wọ́n bá rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹja tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, wọn kò ní í jẹ́ kí ó wọlé. Ẹja tí ó wà lórí ààrò fún ọjọ́ méjì pére, wọ́n wọn èéfín ara rẹ̀. Obìnrin tí ó jókòó ti ààrò náà fún ogún ọdún, kò sí ẹni tí ó wọn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ jù, tí mo sì kórìíra jù, ni pé kí ó fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀. Ẹni tí ń sọ ọ́ rò pé ìmọ̀ràn gidi ni. Kí ó fi í sílẹ̀ kí ó ṣe kí ni? Ilẹ̀ oko kò sí. Ọjà aṣọ ń fẹ́ owó. Ẹja yíyan kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kàn lè jí ní ọjọ́ kan kí ó máa ṣe: ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ pé ẹja ti gbẹ dé egungun, imú ni a fi ń mọ̀ pé iná ti gbóná jù, ìyá ni ó fi kọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn kò ní í sọ pé kí ó kúrò, wọn yóò pa òwe fún un pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yẹn dára fún ẹni tí àáké rẹ̀ ń ku, tí yóò sì rí oyin jẹ. Kò wúlò fún ẹni tí kò lè mí. Àwọn kan á sì ní àwọn ìyá wa àgbà yan ẹja títí wọ́n fi darúgbó, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Àwọn tí ó darúgbó ni ẹ rí. Àwọn tí wọ́n kú ní ogójì ọdún, tí a ní àyà ni ó dùn wọ́n, tàbí tí a ní ayé ni ó ṣe wọ́n, ta ni ó kà wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ààrò. Ní Chorkor, lẹ́bàá Accra ní ilẹ̀ Gánà, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja àti àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lú àjọ FAO jọ ṣe ààrò kan tí a fi orúkọ ìlú náà pè. Àpótí amọ̀ ni, a ń to àsẹ́ tí a tẹ́ ẹja sí lé ara wọn lórí rẹ̀, igi díẹ̀ ni ó ń jẹ, ẹja púpọ̀ ni ó ń yan. Ó tàn káàkiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2008, wọ́n tún ṣe òmíràn ní Thiaroye, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó ń mú èéfín àti èròjà búburú dínkù ju ti ìṣáájú lọ. Nítorí náà, ọgbọ́n rẹ̀ kò sọnù. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àwọn tí ń rò pé kí a sáà gbé ààrò Chorkor wá sí Ìlàjẹ kí ọ̀rọ̀ parí. Orí ilẹ̀ ni a kọ́ ọ fún. Amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù wúwo, orí pákó àti òpó ni tiwa wà; ẹni tí ó bá gbé e sórí pákó yóò bá a nínú omi. Ohun tí ó yẹ wá ni ààrò onírin tí ó fúyẹ́, tí ó ní ìdérí, tí ó sì ní páìpù tí yóò gbé èéfín kọjá orí òrùlé. Àwọn wẹ́dà wà ní Igbókòdá tí wọ́n lè jó irin ọ̀hún pọ̀, bí ẹnì kan bá lè sanwó irin. Owó náà ni ìṣòro. Àjọ OSOPADEC, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní ọdún 2001 fún àwọn agbègbè tí epo ti ń jáde, àti NDDC ti ìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ wọn ni láti tún ibẹ̀ ṣe. Bí a bá ń ka afárá pákó àti èbúté ọkọ̀ sí ìdàgbàsókè, ó yẹ kí a ka páìpù èéfín sí i.

Títí ìgbà náà, ohun kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n yé fi ọ̀rá àti rọ́bà ran iná. Kí wọ́n sá igi kí ó gbẹ. Kí wọ́n sì ṣe àáró. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé ààrò àti àáró kò yàtọ̀ ju àmì ohùn lọ, bẹ́ẹ̀ àáró gan-an ni oògùn ààrò: kí ẹni tí àyà rẹ̀ kò gba èéfín máa fọ ẹja, kí ó máa to ó, kí ó máa gbé e lọ sí ọjà Igbókòdá, kí ẹlòmíràn sì jókòó ti iná rẹ̀. Àwọn baba wa ń ṣe é lóko; kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe é lórí omi. Ṣùgbọ́n obìnrin kò lè bẹ̀bẹ̀ àáró bí ó bá ń fi ikọ́ rẹ̀ pamọ́.

Oògùn ńkọ́? Oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ni. Èyí tí ń tú iṣan lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí ń mú kí wíwú inú ẹ̀dọ̀fóró rọlẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ máa fà lójoojúmọ́, ni a kì í sábà rà, nítorí kò ní ìtura ojú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2019 ni àjọ GINA, tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée káàkiri ayé, ti sọ pé kí a má ṣe fi èyí àkọ́kọ́ nìkan tọ́jú àgbàlagbà mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ń ṣe Ventolin, kéde pé òun ń kó ọjà òun kúrò ní Nàìjíríà. Owó ínhélà fò sókè ní ìlọ́po, ó sì di ohun tí a ń wá kiri láàrin ìgboro, kí a tó wá sọ ti orí omi. Ẹni tí ikọ́ bá kọlù ní òru ní Mahintẹ̀dó, ọkọ̀ ni yóò wọ̀, nínú òkùnkùn, kí ó tó rí dókítà. Bí a tilẹ̀ ń fún un ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá ń fà á lọ́wọ́ ọ̀tún tí ó ń fa èéfín lọ́wọ́ òsì, iṣẹ́ asán ni.

N kò gbàgbé pé ẹja nìkan kọ́ ni ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2020 ni iná sọ ní kànga epo Ororo-1, nínú òkun tí ó kọjú sí Awóyè, ó sì jó láti ọdún dé ọdún lójú gbogbo ayé. Àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Iná epo ní orúkọ, ó ní àwòrán, ó ní ẹni tí a lè bá wí. Iná abẹ́ ẹja kò ní. Ohun tí ó fà á tí mo fi yan èyí kékeré nìyẹn. Bákan náà ni ti àwọn ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n wà ní Màkókò ní Èkó, àti ti àwọn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún mí èéfín ìyẹ̀ pákó ní Ọkọ Baba. Kódà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tí ń tẹ iṣẹ́ wa nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, tí jẹnẹrétọ̀ ń tu èéfín sí ojú fèrèsé rẹ̀, ìyá kan náà ni ó ń jẹ.

Nínú gbogbo èyí, èwo ni tiwa? Méjì ni mo rí. Lọ́nà kìíní, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa jókòó lórí orúkọ àwọn àrùn wọ̀nyí pẹ̀lú àwọn oníṣègùn àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kí a fẹnu kò sí orúkọ kan fún èyí tí ń ràn àti òmíràn fún èyí tí kì í ràn, tí etí kò ní í ṣì gbọ́. Èrò tèmi ni pé kí a yọ ikọ́ kúrò nínú èyí tí kì í ràn, kí a máa pè é ní àrùn sémìí-sémìí, ṣùgbọ́n n óò gbọ́ ti àwọn olùkọ́ wa. Lọ́nà kejì, àwọn tí ó wà ní ọdún kẹrin ń wá ohun tí wọn yóò kọ àpilẹ̀kọ wọn lé lórí, a sì ti kọ̀wé lórí oríkì àti ẹkún ìyàwó débi pé a ń sọ ara wa. Kí ẹnì kan lọ sí etí omi Ìlàjẹ, kí ó jókòó ti àwọn obìnrin ẹlẹ́ja, kí ó gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀: orúkọ igi kọ̀ọ̀kan, orúkọ èéfín nígbà tí ó bá funfun àti nígbà tí ó bá dúdú, ohun tí wọ́n ń pe àyà tí ó ń fún ní ìdájí. Láti inú rẹ̀ ni a lè kọ ìwé ìbéèrè ojú kan fún àwọn nọ́ọ̀sì, ní Yorùbá tí ará Mahintẹ̀dó yóò gbọ́. Kí ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ má ṣe jẹ́ "Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?" nítorí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọn yóò dáhùn. Kí ó jẹ́: "Ẹ̀yin ìyá wa, ọjọ́ mélòó ni ẹ ń dáná ẹja lọ́sẹ̀, níbo sì ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde?"